Ìjà Ìṣúná ní Àbújá, Kòtò ní Mówè

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé de Ààrẹ Muhammadu Buhari nígbà náà, buwọ́ lu ètò ìṣúná Nàìjíríà fún ọdún náà. Tírílíọ̀nù 7.44 náírà ni gbogbo rẹ̀. Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé tó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní. Kò pẹ́ sí i ni Babátúndé Fáṣọlá, mínísítà tí iṣẹ́ òde, iná mànàmáná àti ilé gbígbé wà níkàáwọ́ rẹ̀, bọ́ sí gbangba, ó ní bílíọ̀nù 31 náírà ni ilé iṣẹ́ òun kọ sílẹ̀ fún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bílíọ̀nù 10 péré ni àwọn aṣòfin sì fi sílẹ̀. Àwọn aṣòfin náà kò dákẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà tí owó àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni lè ṣe ni, wọ́n ní àwọn ẹkùn yòókù náà ní ọ̀nà tó bàjẹ́, wọ́n sì ní yíyẹ ìṣúná wò àti títún un ṣe wà lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé àwọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ di tìwé ìròyìn fún ọjọ́ púpọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn tó ń gbé ní Mówè àti Ìbàfò, tó wà lójú ọ̀nà náà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí dáadáa, nítorí ẹnu ọ̀nà wọn ni katapílà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dí apá kan títì, tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó àti èyí tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ń fi apá kan ṣoṣo du ara wọn.

Nígbà tí irú aáwọ̀ báyìí bá bẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló jẹ̀bi. Ẹni tó fẹ́ràn Ààrẹ yóò ní àwọn aṣòfin ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní òun ló pẹ́ kó tó gbé ìwé wá. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn kì í gbé wa débì kan. Bí a bá gbé àwọn ọjọ́ àti iye owó tó wà lákọsílẹ̀ wò láti ọdún 2014, a ó rí i pé ohun tó ń mú kí ìṣúná pẹ́ ni pé àwọn tó ń jà lórí rẹ̀ kì í fara gbá nínú ìjà náà. Owó oṣù ń wọlé, ọ́fíìsì ń ṣí, iná ń tàn ní Àbújá. Iṣẹ́ títì, iṣẹ́ afárá, iṣẹ́ omi, àwọn wọ̀nyí ló ń dúró. Òfin ilẹ̀ wa ló ṣe é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun rere ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́.

Abala 81 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló ní kí Ààrẹ gbé ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde fún ọdún tó ń bọ̀ wá síwájú ilé aṣòfin méjèèjì. Abala 59 sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà parí aáwọ̀ bí ilé kan bá gbà tí èkejì kò gbà títí oṣù méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún ìṣúná fi kọjá: ìgbìmọ̀ alápapọ̀ lórí ìnáwó yóò kọ́kọ́ jókòó, bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ilé méjèèjì yóò jókòó pọ̀. Bí Ààrẹ bá kọ̀ tí kò buwọ́ lù ú títí ọgbọ̀n ọjọ́ fi pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tó jókòó pọ̀ lè sọ ọ́ di òfin láìdúró dè é. Ní ìpínlẹ̀, abala 121 àti 122 ló ń darí gómìnà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Títí débí, kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n abala 81, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní ọdún 1999, kò dárúkọ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé. Bí ọdún kò bá ṣáà tíì parí, Ààrẹ kò rú òfin, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ló gbé e wá. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 láti máa ṣọ́ ìnáwó ìjọba ní kí ètò owó ọlọ́dún mẹ́ta, tí wọ́n máa ń gbé ìṣúná kà, ti jáde ní oṣù mẹ́rin kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìparí oṣù Kẹjọ. Òfin yẹn wà nílẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí, ìwé sì ń pẹ́ síbẹ̀.

Abala 82 ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí. Òun ló sọ pé bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀ tí ìṣúná kò tíì di òfin, Ààrẹ lè máa fa owó yọ nínú àpò ìjọba láti fi gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìjọba ró, níwọ̀n ìgbà tí owó náà kò bá ti ju ohun tí òfin ìṣúná ọdún tó kọjá fọwọ́ sí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún tí ìjà wọ̀nyí wáyé, oṣù mẹ́fà gbáko ni òfin fún un. Ẹ fi èyí wé ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, bí àwọn aṣòfin kò bá fọwọ́ sí owó, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ni yóò ti ilẹ̀kùn pa, tí òṣìṣẹ́ yóò lọ jókòó sílé láìgba owó oṣù. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ti ọdún 2013, ọjọ́ márùndínlógójì ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2018, ti ọdún 2025 sì gba ọjọ́ mẹ́tàlélógójì, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Mi ò fẹ́ kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí á rí: gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ kan náà, ariwo a sì ta títí àwọn olóṣèlú yóò fi padà sórí tábìlì. Tiwa kò ní ariwo. Ẹni tó ń gba owó oṣù kò mọ̀ pé ìṣúná kò tíì jáde. Agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì ló mọ̀, àti ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin òru ní Ìbàfò kó lè débi iṣẹ́ ní Èkó kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ọjọ́ náà. Ní ìparí ọdún 2013, nígbà tí PDP wà lórí oyè, ilé méjèèjì àti Ààrẹ Goodluck Jonathan kò fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò fi díwọ̀n àgbá epo rọ̀bì kan. Ilé kan ń pe dọ́là 79, èkejì ń pe 76.5, kí wọ́n tó gbà sí 77.5. Nítorí èyí, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ni Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, tó gbé ìwé náà dé ilé aṣòfin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ APC, tó jẹ́ alátakò nígbà náà tí àwọn aṣojú-ṣòfin mẹ́tàdínlógójì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi PDP sílẹ̀ wá bá, pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nílé aṣòfin pé kí wọ́n dí gbogbo àbá ìjọba lọ́wọ́, títí kan ìṣúná, nítorí rògbòdìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ gan-an nìyẹn. Oṣù Kẹrin ni ìṣúná náà kọjá nílé aṣòfin, Jonathan sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún.

Bí ẹgbẹ́ alátakò bá jẹ́ orísun ìdádúró, ó yẹ kí nǹkan yára nígbà tí APC gba Àbújá ní ọdún 2015, tí Ààrẹ jẹ́ tiwọn, tí ọ̀pọ̀ aṣòfin nínú ilé méjèèjì jẹ́ tiwọn, tí Bùkọ́lá Sàràkí àti Yakubu Dogara tó ń darí ilé méjèèjì jẹ́ tiwọn. Kò yára. Ìṣúná ọdún 2016 dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún. Ti ọdún 2017 dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni ìbuwọ́lù. Ti ọdún 2018 dé ní kùtùkùtù, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, síbẹ̀ ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni Buhari tó buwọ́ lù ú, bó sì ṣe ń buwọ́ lù ú ló ń ráhùn pé àwọn aṣòfin gé bílíọ̀nù 347 náírà kúrò lára iṣẹ́ àkànṣe 4,700, wọ́n sì fi 6,403 tiwọn kún un, tó jẹ́ bílíọ̀nù 578. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tún wà lára àwọn tó dárúkọ pé wọ́n gé owó wọn. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú ìwọ̀nyí, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2019, tí ilé aṣòfin kẹsàn-án ti wọlé, ìṣúná ọdún 2020 tó dé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá gba ìbuwọ́lù ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ kan náà, Ààrẹ kan náà. Ìwé tètè dé, àwọn olórí ilé sì ti pinnu pé kí ọdún ìṣúná padà sí oṣù Kìn-ín-ní.

A kò tilẹ̀ nílò láti lọ sí Àbújá kí á tó rí i pé ẹgbẹ́ kan lè fi ọ̀rọ̀ owó fa ara rẹ̀ ya. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà ìjọba Gbénga Daniel, ilé aṣòfin Abẹ́òkúta tó ní aṣòfin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pín sí ọ̀wọ́ méjì, ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní apá kan, ẹni mọ́kànlá ní apá kejì. Yíyá owó wà lára ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, aṣòfin mẹ́sàn-án jókòó, wọ́n ní àwọn dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró, wọ́n yọ olórí ilé Túnjí Ẹgbẹ́tòkun, wọ́n fi Ṣóyẹmí Coker sípò rẹ̀. Wọ́n ti ilé náà pa. PDP ló ń ṣe ìjọba, PDP ló pọ̀ jù nílé aṣòfin.

Àwọn kan yóò ní kí ni kí ẹgbẹ́ alátakò wá ṣe nígbà náà? Bí ìjọba bá ń lo ọlọ́pàá lọ́nà tí kò tọ́, tó ń fìyà jẹ ìpínlẹ̀ tí kò bá a ṣe, tí aṣòfin kò sì lè yọ Ààrẹ, owó nìkan ni ohun ìjà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ìgbìmọ̀ ti ń fi àpò owó mú ọba wálẹ̀ ní onírúurú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun ìjà tí ọta rẹ̀ kì í ba ẹni tí a yìn ín sí kò wúlò. Nígbà tí APC pàṣẹ ní ọdún 2014, owó oṣù àwọn mínísítà Jonathan kò dúró, abala 82 ti rí sí ìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, nǹkan tilẹ̀ rọrùn fún Ààrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ilé aṣòfin kò bá ti fọwọ́ sí ìṣúná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, òfin wọn gbà kí Ààrẹ fi àṣẹ tirẹ̀ mú un ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin Benin kọ ìṣúná ọdún 2014, ohun tí Boni Yayi, Ààrẹ wọn nígbà náà, ṣe nìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, Ààrẹ kò pàdánù nǹkan kan. Nítorí náà, aṣòfin tó bá fẹ́ fi owó jà ní láti yan orí ìnáwó tí yóò dun ẹni tó ń bá jà, kó gé owó ìrìn àjò àti ti ọ́fíìsì rẹ̀, kó sì fi títì sílẹ̀.

Òmíràn yóò ní pípẹ́ ni ìṣọ́ra, pé ìwé tí wọ́n bá sáré buwọ́ lù, wọn kò kà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé kẹsàn-án tó yára yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bú wọn pé ohunkóhun tí Ààrẹ bá gbé wá ni wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tó dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì: aṣòfin ń lọ fún ìsinmi, ó padà dé nígbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ń wá gbèjà ìṣirò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ìbínú ṣe é nítorí wọ́n mọ̀ pé àkókò ti lọ. Ìwé tó bá dé ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n lè fara balẹ̀ kà fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n bá mínísítà jiyàn lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ọdún tuntun má sì bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó máa ń dára létí jù ni ti àwọn tó ń sọ pé kò sí nǹkan tó dúró, pé àwọn aṣòfin máa ń sún iṣẹ́ àkànṣe ọdún tó kọjá síwájú títí tuntun yóò fi jáde. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n sún ti ọdún 2024 wọ inú ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti buwọ́ lu ti ọdún 2025, tírílíọ̀nù 54.99 náírà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Ìṣúná méjì ń rìn pọ̀ lọ́dún kan, ta ni yóò wá sọ fún ará ìlú pé èyí tó wà lójú títì rẹ̀ jẹ́ owó ọdún wo? Yàtọ̀ sí èyí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́ títì. Agbaṣẹ́ṣe kì í gba gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò ṣe ìwọ̀n kan, ẹnjiníà ìjọba yóò wá wọn gígùn rẹ̀ àti bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, wọn yóò kọ ìwé-ẹ̀rí pé iṣẹ́ iye báyìí ti parí, ìwé náà yóò lọ sí Àbújá láti gba owó. Bí owó ọdún yẹn kò bá tíì di òfin, tàbí tí èyí tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan, ìwé-ẹ̀rí yóò máa gun orí ara wọn. Ilé iṣẹ́ náà yóò dín òṣìṣẹ́ kù, yóò kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn sìmẹ́ńtì gbọọrọ tí wọ́n fi pín títì yóò sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ojú ọjọ́ tún wà nínú rẹ̀, èyí tí mi ò rí kí àwọn olóṣèlú mẹ́nu bà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè la ilẹ̀, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì da ọ̀dà sí i láìdáwọ́ dúró. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Oṣù Kẹfà náà ni wọ́n buwọ́ lu ìṣúná ọdún 2017 àti ti ọdún 2018. Ìwé dé nígbà tí omi ti gba ojú iṣẹ́, nígbà tí òjò yóò sì fi dáwọ́ dúró, ọdún ti ń parí, àríyànjiyàn lórí ìṣúná mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Jonathan fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà kìlómítà 127.6 yìí lélẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n gbé apá Èkó sí Ṣàgámù, tí Ìbàfò àti Mówè wà, fún Julius Berger, wọ́n gbé apá Ṣàgámù sí Ìbàdàn fún RCC, bílíọ̀nù 167 náírà lápapọ̀. Iṣẹ́ ṣì ń lọ ní ọdún 2022.

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìjà ọdọọdún yìí kò lè kọ́ ọ̀nà. Ní ọdún 2018, Buhari fọwọ́ sí àpò owó pàtàkì kan tí NSIA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fi owó ìlú dókòwò, ń bójú tó, mílíọ̀nù 650 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá márùn-ún ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wà lára wọn, pẹ̀lú afárá kejì orí odò Ọya. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta kò sí níbẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni Ifọ̀ wà, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ sì ni òun náà nígbà náà, ohun tí ìṣúná ọdún bá fún un ló sì gbójú lé. Ẹni tó bá ti gba Ṣàngó kọjá sí Ifọ̀ títí dé Ìtòrí lẹ́yìn tó ti gba Ìbàfò àti Mówè dé Ṣàgámù ti fojú rí ìyàtọ̀. Ó tún ṣe kókó pé ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ kan náà, ní Kájọlà, ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn gbà kọjá. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Buhari sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Owó tí a yá lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ Exim ti ìjọba Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò ní kí á máa yáwó láti sá fún ilé aṣòfin. Gbèsè ni, a ó san án, owó tí kò bá sì gba iwájú aṣòfin lọ́dọọdún kì í rí ẹni tó ń bi í léèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí owó iṣẹ́ bá ní ọjọ́ tó dájú, iṣẹ́ ń parí, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, lábẹ́ àwọn olóṣèlú tí a mọ̀ yìí náà.

Ó kù ti àwọn tó ń gbèjà iṣẹ́ àkànṣe 6,403 tí àwọn aṣòfin fi kún ti ọdún 2018. Wọ́n ní kànga ẹ̀rọ àti iná òòrùn tí aṣòfin mú wá sí abúlé ni ohun kan ṣoṣo tí abúlé náà rí gbà lọ́wọ́ Àbújá. Mo gbà. Aṣòfin tí kò bá bèèrè nǹkan fún ẹkùn rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kan náà ni, bí wọ́n bá gé bílíọ̀nù mọ́kànlélógún kúrò lára títì tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ń gbà, bí wọ́n ṣe ṣe ní ọdún 2017, ẹni tí kànga rẹ̀ wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé yóò gba títì yẹn gbé àgbàdo rẹ̀ lọ sí ọjà Èkó ni.

Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀ kò sí lójú ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ẹkùn ààrin gbùngbùn Ògùn ni gbogbo wọn wà, sẹ́nétọ̀ kan ni wọ́n jọ ní. Aṣojú-ṣòfin kan ń ṣojú Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí Mówè àti Ìbàfò wà, pẹ̀lú Àríwá Abẹ́òkúta àti Odẹ̀dá, òmíràn ń ṣojú Ifọ̀ pẹ̀lú Ewékorò. Ènìyàn mẹ́ta péré nìyẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ìpàdé onílé àti ìpàdé ìdàgbàsókè àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n bi wọ́n ní ọjọ́ tí ìwé Ààrẹ dé, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, iye tí Ààrẹ kọ sí iwájú ọ̀nà wa àti iye tó kù níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán. Kí wọ́n lẹ ìdáhùn náà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ mú bébà yẹn dání, kí ẹ sì kà á fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹgbẹ́ wọn.